Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà alágbára fún iṣẹ́ fídíò l'Ákúrẹ́: ẹ bá mi yẹ àkọsílẹ̀ mi wò

Kámẹ́rà Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Fídíò ìgbéyàwó ni mo fi ń jẹun. Ọ̀bà-Ilé ni mò ń gbé, àmọ́ wọ́n ń pè mí dé Oǹdó, dé Ọ̀wọ̀, dé Ìkàrẹ́. Láptọ́ọ̀pù mi ti darúgbó. Bí mo bá ní kó réńdà (kó sọ iṣẹ́ tí mo ti ẹ́díìtì di odindi fídíò) fídíò 4K oníwákàtí méjì lálẹ́ Sátidé, ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú á mọ́, n óò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, n óò dé, kò ní tíì parí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kú mọ́ mi lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó tuntun ń pè mí lórí fóònù pé fídíò òun dà.

Mo ti pinnu láti ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tò ó fúnra mi. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni mo rí kó jọ. Mónítọ̀ ti wà nílẹ̀. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní yunifásítì FUTA ń kọ́ Blender, ètò tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, òun náà yóò máa lò ó.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí: próséṣọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Core i7-14700K, graphics card (káàdì àwòrán) RTX 4060 8GB, RAM (ìrántí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́) 16GB ẹyọ kan, SSD (ibi ìpamọ́ fáìlì) 500GB. Páwà pákì àti àpótí rẹ̀, èyí tí owó tó kù bá ká. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ohunkóhun pa mọ́ fún mi.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Arákalẹ̀

Ọmọ mi, ibi tí o ti ní "èyí tí owó tó kù bá ká" ni ọkàn mi ti gbọgbẹ́. Páwà pákì ni ikùn kọ̀ǹpútà. Ohun tí ikùn bá gbà ni gbogbo ara máa jẹ. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, pàápàá fún ẹni tó ń gbé ìlú tí iná ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ọmọkùnrin kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ó kàn dún gbàmù ni, òórùn sì gba yàrá. Mo tú páwà pákì náà. Lára rẹ̀ níta, wọ́n kọ 600W gàdàgbà. Mo gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bíi búrẹ́dì. Nígbà tí mo ṣí i, pátákó inú rẹ̀ ní ihò tó yẹ kí nǹkan wà nínú wọn, ihò lásán ni, wọn ò lẹ nǹkan kan mọ́ ọn. Wáyà rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ́tìnì pupa kékeré kan wà, èyí tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ẹnìkan ti tì í sí 115, ó sì ki í bọ iná wa tó jẹ́ 230V. Ohun tó dún gbàmù nìyẹn. Kò kú nìkan o. Ó pa bọ́ọ̀dù (pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà ń wọ̀), ó pa hard disk, àwòrán ọdún mẹ́rin wà lórí disk yẹn. Mo wo ojú ọmọ náà, n kò lè sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ra páwà pákì, má ka nọ́ńbà ńlá ojú rẹ̀. Yí i padà, wá tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wo ibi tí wọ́n kọ +12V sí, kí o sì fi 12 sọ áńpíà rẹ̀ di púpọ̀. Èyí tí mo tú yẹn, áńpíà 18 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 216W. Níbo ni 600 wà? Èyí tó dára tó jẹ́ 650W, áńpíà rẹ̀ á tó 50 tàbí kó lé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dára kò ní bọ́tìnì pupa yẹn mọ́, wọ́n ń gba iná láti 100V títí dé 240V fúnra wọn. Àmì 80 Plus náà wúlò, ṣùgbọ́n bí kò ṣe ń fi iná ṣòfò ló ń sọ, kì í ṣe bó ṣe lágbára láti dáàbò bo ọjà rẹ. Gbé e wò lọ́wọ́ pẹ̀lú. Èyí tó dára máa ń wúwo.

650W tòótọ́, Bronze tàbí Gold. Ra èyí kí o tó ra ohunkóhun.

Ọmọ FUTA South Gate

Bọ̀dá, mo kí yín. Mo fara mọ́ ohun tí Màmá sọ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí graphics card nítorí àbúrò yín tó ń lo Blender, nítorí èmi náà ń lò ó.

Àyè ìrántí 8GB tó wà lórí RTX 4060 yẹn kéré. Nígbà tí iṣẹ́ bá kún orí káàdì, ó lè máa wọ́ bí ìgbín tàbí kó kọ̀ láti ṣiṣẹ́. RTX 3060 12GB ti pẹ́ díẹ̀, ọdún 2021 ló jáde, àmọ́ àyè inú rẹ̀ ń gba iṣẹ́ tí 4060 kò lè gbà. Blender mọ káàdì Nvidia dáadáa nípasẹ̀ OptiX, ọ̀nà Nvidia fún réńdà. Tòkunbọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: RTX 3060 oní-8GB wà o! Orúkọ kan náà, àpótí tó jọra, àmọ́ kì í ṣe àyè nìkan ni wọ́n dín kù, ọ̀nà tí dátà ń gbà kọjá náà kéré, 128-bit dípò 192-bit. Ẹ ní kí wọ́n ṣí GPU-Z lójú yín kí ẹ tó sanwó. Ètò yẹn ló máa sọ iye tó wà nínú káàdì gan-an, ó sì ń kọ FAKE síwájú orúkọ káàdì tí wọ́n ti tún kọ ohun inú rẹ̀ láti fi tan oníbàárà.

Oníná Alágbàká

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ínfátà ni mò ń ṣe, kì í ṣe kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin oní-kọ̀ǹpútà lẹ máa ń pè mí lóru. Mo fẹ́ kí arákùnrin wa gbọ́ tèmi kó tó náwó.

i7-14700K yẹn lè fa 253W fúnra rẹ̀ nìkan nígbà tó bá ń réńdà. Fi ti graphics card kún un, fi fáànù, disk àti mónítọ̀ kún un. Bátìrì tubular kan, 12V 200Ah, 2,400Wh ló wà nínú rẹ̀ lórí ìwé. Bí ẹ ò bá fẹ́ pa á kíákíá, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ lò, ìyẹn 1,200Wh. Ínfátà fúnra rẹ̀ yóò jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ní 1,000Wh ló kù. Kọ̀ǹpútà tó ń fa 400W yóò lo wákàtí méjì àti ààbọ̀, ó tán. Èyí tó ń fa 500W, wákàtí méjì. Fún ẹni tó ń réńdà lóru tí kò sí iná, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ní ti UPS, ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ: ẹ̀rọ 650VA tí gbogbo ayé ń rà kì í ṣe 650W. 360W sí 390W ló lè gbé. Bí ẹ bá wà lórí réńdà tí iná sì lọ, ńṣe ló máa ké fíìì, tó sì máa kú pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. 1,200VA sókè ni kí ẹ wá, èyí tó ń yọ pure sine wave (iná tó ń lọ wọ́ọ́rọ́) jáde bí ẹ bá rí i, torí pé àwọn páwà pákì tó dára kì í fẹ́ràn iná onígun mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni iṣẹ́ UPS, kí ẹ lè pa iṣẹ́ yín mọ́, kí ínfátà sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kì kọ̀ǹpútà tààrà bọ̀ ọ́. Bí aládùúgbò bá tan áyọ́ọ̀nù lórí rẹ̀, fóltéèjì á wálẹ̀, bó bá pa á, á fò sókè.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró

Kámẹ́rà Ọ̀bà-Ilé, ìbéèrè kan ṣoṣo: irú fáìlì wo ni kámẹ́rà rẹ ń kọ sílẹ̀? Sọ fún mi kó tó di pé a yan próséṣọ̀. Kí lo sì fi ń ẹ́díìtì?

Kámẹ́rà Ọ̀bà-Ilé

Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. H.265 ni, 10-bit 4:2:2 (fáìlì tí wọ́n fún pọ̀, àmọ́ tí àwọ̀ rẹ̀ pọ̀), 100 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kámẹ́rà méjì ni mo ń gbé lọ. Premiere Pro ni mo fi ń ẹ́díìtì.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró

Mo mọ̀ ọ́n! Ìdí nìyẹn tí láptọ́ọ̀pù rẹ fi ń kú. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń náwó síbi tí kò yẹ.

Fáìlì H.265 4:2:2 yẹn, àwọn káàdì RTX 30 àti RTX 40 kò ní ẹ̀yà tó lè tú u (kó ṣí i fún wíwò). Ìran RTX 50 tó jáde ní 2025 ni Nvidia tó fi í sí. Nítorí náà, bí o bá ra 4060 tàbí 3060, nígbà tí o bá ń fa fídíò síwá sẹ́yìn lórí timeline (ibi tí o ti ń to fídíò), próséṣọ̀ nìkan ni yóò máa tú gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú agbára, yóò sì máa ta kọsẹ̀. Àmọ́ Intel láti ìran kọkànlá ní Quick Sync, tó ń tú u wọ́ọ́rọ́wọ́. Inú graphics kékeré tó wà nínú próséṣọ̀ náà ló wà. Ìdí nìyí tí n kò fi ní jẹ́ kí o ra èyí tó ní lẹ́tà F ní ìparí orúkọ rẹ̀. F túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa graphics yẹn. Àwọn oníṣòwò á ní, "F ló dín owó, kí lo fẹ́ fi èkejì ṣe, ṣebí o ní graphics card?" Má dá wọn lóhùn. Fún ẹni tó ń yà fídíò bíi tìrẹ, kékeré yẹn ló ń gbé iṣẹ́.

Lọ wá i5-12600K. Kọ́ọ̀ (ọpọlọ kéékèèké) mẹ́wàá ló ní, kò ju 150W lọ nígbà tó bá ń sáré jù, ó sì ní UHD 770, graphics kékeré tí mo ń sọ yẹn. Ìran kejìlá ni. Àwọn kan lára ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá tó jẹ́ alágbára, fóltéèjì tó ga jù ba wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Intel fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ ní 2024, ó tún BIOS (ètò ìpìlẹ̀ inú bọ́ọ̀dù) ṣe, ó sì fi ọdún méjì kún ẹ̀rí ọjà. Èyí tí ó tuntun, tí wọ́n ti tún BIOS rẹ̀ ṣe, kò burú. Àmọ́ tòkunbọ̀ ìran kẹrìnlá tí o kò mọ ibi tí wọ́n ti lò ó, n kò ní fi owó mi rà á.

Owó tó bá ṣẹ́kù lórí próséṣọ̀, fi gbé páwà pákì Màmá lárugẹ.

Ọmọ FUTA South Gate

Ha, ẹ̀gbọ́n, èyí kò sí lọ́kàn mi rárá. Ẹ ṣeun. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé 12600K kì í bá fáànù wá nínú páálí rẹ̀. Ẹ ra cooler lọ́tọ̀, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá irin rẹ̀ bá LGA1700, ojú ibi tí próséṣọ̀ yìí ń jókòó sí, mu, torí pé ti àtijọ́ kò bọ́ síbẹ̀. Cooler onípáìpù irin tó ní fáànù kan ti tó. Ẹ ò nílò olómi.

Oníná Alágbàká

Ẹ wo ìṣirò náà báyìí: próséṣọ̀ 150, káàdì 3060 170, gbogbo ìyókù pẹ̀lú mónítọ̀ bí 90. 410W. Ẹ lè lọ sínú ètò MSI Afterburner, kí ẹ dín power limit (iye iná tó lè fà) káàdì náà kù sí bí 80%. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù, ooru àti bátìrì ni ẹ máa jèrè. Ẹ máa réńdà láàárín ọ̀sán bí ẹ bá ní sólà.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Arákalẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró, Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn.

Bọ́ọ̀dù: B660 tàbí B760. Àwọn kan gba DDR4, àwọn kan gba DDR5, orúkọ wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. RAM ti ìkan kò wọ èkejì, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ kò sí lójú kan. DDR4 ni kí o rà bí owó bá fún mọ́ ọ, kí o sì wo ara páálí bọ́ọ̀dù náà kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

RAM ẹyọ kan tí o kọ, yí i padà. Méjì ni kí o rà, 16GB, 16GB, kó di 32GB. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ọ̀nà méjì ni próséṣọ̀ ń gbà bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí bọ́ọ̀dù bá ní ihò mẹ́rin, ka ihò láti ẹ̀gbẹ́ próséṣọ̀, kí o fi wọ́n sí ìkejì àti ìkẹrin. Lẹ́yìn náà, lọ tan XMP nínú BIOS, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn kò ní sáré dé ibi tí o sanwó fún.

Ní ti SSD, bá mi ṣírò. 100 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ 45GB ní wákàtí kan. Ìgbéyàwó wákàtí mẹ́fà, kámẹ́rà méjì: 540GB. SSD 500GB rẹ kò gba ìgbéyàwó kan ṣoṣo! Ra SSD NVMe (irú tó yára) 1TB, ìyẹn 1,000GB, fún Windows àti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́, kí o ra hard disk 4TB lásán fún èyí tó ti parí. NVMe o, kì í ṣe SATA, irú tó lọ́ra, tó jẹ́ M.2 (pátákó tẹ́ẹ́rẹ́) bíi tirẹ̀, tí wọ́n á fi tàn ọ́ jẹ. Wọ́n jọra bí ìbejì. SATA kò lè kọjá nǹkan bí 550MB ní ìṣẹ́jú àáyá, NVMe ti PCIe 3.0 tó dára ń dé bí 3,500. Ọ̀pọ̀ SATA máa ń ní àlàfo méjì ní ẹnu, NVMe a sì máa ní ẹyọ kan, àmọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ kó lè dá ọ lójú. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ètò CrystalDiskInfo yóò sọ iye wákàtí tó ti lò láyé.

Àpótí: èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n, kì í ṣe gíláàsì. Ọ̀yẹ́ ń bọ̀, eruku wa pupa. Gbé e sórí tábìlì, má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí o bá ń fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò, fi ìka di apá fáànù mú kó má baà yí.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró

Bí o bá lọ sí Ìkejà lọ ra káàdì, ní kí wọ́n fi FurMark, ètò tó ń mú káàdì ṣiṣẹ́ dé góńgó, sáré é fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú rẹ. Jókòó tì í. Kì í ṣe ìṣẹ́jú méjì. Wo bóyá àwọn àmì kéékèèké á máa hàn lójú mónítọ̀, kí o sì tẹ́tí sí fáànù rẹ̀. Má jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ bọ́ọ̀dù kí o wá gbé e wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó dé Àkúrẹ́. Kòtò ọ̀nà yẹn á fọ́ ihò rẹ̀. Inú páálí rẹ̀ ni kó wà, kí o gbé e lé itan.

Kámẹ́rà Ọ̀bà-Ilé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àdúrótì. Mo ti rà á. i5-12600K, bọ́ọ̀dù B660 DDR4, 32GB onímejì, RTX 3060 12GB tòkunbọ̀ (mo jókòó tì í fún ogún ìṣẹ́jú), NVMe 1TB, páwà pákì 650W Gold tí áńpíà rẹ̀ jẹ́ 54. Hard disk di oṣù tó ń bọ̀, owó ti tán.

Àárọ̀ òní ni mo tò ó. Fáànù ń yí, iná ń tàn, mónítọ̀ dúdú. Ọkàn mi ti fò lọ. Ṣé mo ti bà á jẹ́?

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Arákalẹ̀

Fọkàn balẹ̀. Wo igun bọ́ọ̀dù, àwọn iná kékeré mẹ́rin kan wà níbẹ̀: CPU, DRAM, VGA, BOOT. Èwo ló dúró tí kò kú?

Kámẹ́rà Ọ̀bà-Ilé

DRAM ni, Màmá.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Arákalẹ̀

RAM rẹ kò wọlé tán ni. Yọ wáyà iná lára ògiri. Fọwọ́ kan irin àpótí kí iná ara rẹ lè jáde. Yọ RAM méjèèjì, fi ẹyọ kan padà sí ihò kejì, kí o sì tẹ̀ ẹ́ ní ìgun méjèèjì títí yóò fi dún kẹ́. Ó máa ń le ju bí èèyàn ṣe rò lọ, ẹ̀rù ló máa ń bà wá. Tàn án. Bó bá tàn, kí o tó wá fi èkejì sí ihò kẹrin.

Ọmọ FUTA South Gate

Bọ̀dá, ẹ wò ó pé ẹ̀yìn graphics card ni wáyà mónítọ̀ wà, kì í ṣe ti bọ́ọ̀dù. Wáyà ẹlẹ́yín mẹ́jọ tó wà lókè ní apá òsì bọ́ọ̀dù náà, ti próséṣọ̀ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé rẹ̀.

Kámẹ́rà Ọ̀bà-Ilé

Ó TÀN! Ìgun kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èkejì kò wọlé. Ó dún kẹ́ bí Màmá ṣe sọ, àmì bọ́ọ̀dù sì jáde lójú mónítọ̀. Mo pariwo débi pé ará ilé sáré wọlé. Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àró

Ó ku ohun kan. Lọ sínú BIOS, wá iGPU Multi-Monitor, kí o tàn án. Bí graphics card bá ti wà lára bọ́ọ̀dù, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù máa ń pa graphics inú próséṣọ̀, Quick Sync á sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi dráífà Intel sí i, kí o wo Premiere bóyá ó rí i nínú Preferences, lábẹ́ Media.

Kámẹ́rà Ọ̀bà-Ilé

Wọ́n ti pa á lóòótọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ti tàn án. Mo gbé fídíò ìyàwó tó ń pè mí yẹn sórí timeline, mo fà á síwá sẹ́yìn, ibi tí ẹgbẹ́ ìyàwó ti ń jó wọlé, kámẹ́rà méjèèjì papọ̀. Kò dúró. Mo yọ ọ́ jáde nígbà tí àbúrò mi ń se ẹ̀bà, a kò tíì jẹun tán tó fi parí. Òun ló jókòó sídìí rẹ̀ báyìí pẹ̀lú Blender, ó ní òun kò dìde.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù Arákalẹ̀

Ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí o ya àwòrán inú rẹ̀ ránṣẹ́. Mo fẹ́ wo bí o ṣe so àwọn wáyà, kó má sí èyí tó súnmọ́ fáànù.